Abd al-Rahman al-Sufi: Ẹni Tí Ó Kọ Ìkùukùu Kékeré Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, nínú àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ òpó ìmọ̀ láyé àtijọ́, kò yẹ kí a gbàgbé Abd al-Rahman al-Sufi. Ìlú Rayy, nítòsí Tehran ní ilẹ̀ Ìránì òde òní, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 903. Ó di onímọ̀ ìràwọ̀ ní ààfin Adud al-Dawla, ọba tí ó fi Shiraz ṣe olú-ìlú. Ọba náà a máa fi í yangàn pé olùkọ́ òun ni.

Ìwé Ptolemy, tí ó ti lò ju 800 ọdún lọ, ni àwọn onímọ̀ gbójú lé nígbà náà. Àwọn mìíràn kàn ń dà á kọ ni, wọn kì í gbójú sókè. Al-Sufi bọ̀wọ̀ fún ìwé náà, ṣùgbọ́n ó fi ojú ara rẹ̀ wo àwọn ìràwọ̀ tí ó lé ní 1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò bá bá ìwé mu, ó tún un kọ. Ní nǹkan bí ọdún 964 ni ó parí ìwé rẹ̀ lórí agbo ìràwọ̀ 48, tí ó sì ya àwòrán agbo kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ìwé yìí ni ó ti sọ nípa ìkùukùu kékeré kan níwájú ẹnu Ẹja, níbi tí Andromeda wà ní ojú ọ̀run àríwá. Kò ní awò awọ̀nàjíjìn, kò sì mọ ohun tí ó jẹ́. Síbẹ̀ kò fò ó. Ní ọdún 1923, Edwin Hubble rí ẹ̀rí ní Amẹ́ríkà pé àgbájọ ìràwọ̀ ńláńlá tí ó jìnnà sí tiwa ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àgbájọ kéékèèké méjì tí wọ́n rí roboto bí ẹyin, M32 àti M110, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Al-Sufi jáde láyé ní ọdún 986. Kòtò kan lójú òṣùpá ń jẹ́ Azophi, orúkọ tí àwọn ará Yúróòpù fi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa yẹ ohun tí a kà wò, kí a sì máa fi òótọ́ kọ ohun tí a rí, bí kò tilẹ̀ tíì yé wa. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ìdí rẹ̀. Kí Allah kẹ́ ẹ, kí Ó sì fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní jíǹkí wa. Àmín.