Jim Reeves: ọmọ opó ará Texas tí ohùn rẹ̀ kò tíì kúrò nílé wa

Orúkọ òyìnbó kan wà tí àwọn bàbá àti ìyá wa mọ̀ dáadáa, bí wọn ò tilẹ̀ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì: Jim Reeves. Rédíò Nàìjíríà ló gbé ohùn rẹ̀ kọjá bodè wá bá wa, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì náà dé. Títí dòní, bí àgbà kan bá kú, ẹ lè gbọ́ orin rẹ̀ níbi ìsìnkú. Ta ni ọkùnrin yìí? Kí ló dé tí orin èdè tí a ò gbọ́ fi ń wọ̀ wá lọ́kàn?

Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1923 ni wọ́n bí i, ní Galloway, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ìyá rẹ̀ ló ń roko láti fi tọ́ òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí opó tọ́ dàgbà láàárín wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Láti kékeré ló ti ń ta gìtá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ìyẹn baseball, ló kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun. Wọ́n tilẹ̀ ti ń sanwó fún un nídìí rẹ̀ kó tó fara pa, ọ̀nà yẹn sì dí. Ló bá lọ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní rédíò. Ó ṣiṣẹ́ ní KWKH ní ìlú Shreveport, rédíò tó máa ń gbé eré orin ìgbèríko jáde lálẹ́ Sátidé. Níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí akọrin, nígbà tó sì di 1953, orin rẹ̀ “Mexican Joe” sọ ọ́ di olókìkí.

Orin ìgbèríko yìí, tí wọ́n ń pè ní country, orin àwọn àgbẹ̀, àwọn awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ni. Ohun tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ ò ju olólùfẹ́ tó lọ, ilé tó jìnnà, ìyá tó ti kú, àti ọ̀run tí a ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ṣàjèjì sí wa níbẹ̀? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sí Kùtọnu tàbí Èkó, tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ó ti mọ orin yẹn kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ pọ̀. Kí ló yà Reeves sọ́tọ̀? Ohùn rẹ̀ ni. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òkè ló máa ń gbé ohùn sí bí àwọn yòókù. Ní 1957, nígbà tó fẹ́ kọ “Four Walls”, ó sún mọ́ míkíró pẹ́kípẹ́kí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó ń bá èèyàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Chet Atkins, tó ń bójú tó àwọn àwo rẹ̀, fara mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn ló ti ń kọrin bẹ́ẹ̀. “He'll Have to Go”, tó kọ ní 1959, gbé e kárí ayé.

Àwa tí a ń kọ́ni mọ̀ pé ariwo kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ràn. Ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀ ni gbogbo kíláàsì ń dákẹ́ gbọ́. Etí Yorùbá pàápàá ti mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láti inú ọmú ìyá. Ó lè gbọ́ ìbànújẹ́ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Reeves fúnra rẹ̀ gbé orin jáde ní èdè Afrikaans fún àwọn ará Gúúsù Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe èdè tó ń sọ. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́hùn-ún, ó tilẹ̀ lọ ṣe fíìmù níbẹ̀ ní 1963.

Kò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1964, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan bọ̀ ní Nashville, òun àti Dean Manuel tó ń tẹ dùùrù fún un. Òjò ńlá ká wọn mọ́ ojú ọ̀run, ọkọ̀ náà já sínú igbó. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni wọ́n tó rí òkú wọn. Ó ku ogúnjọ́ péré kó pé ọmọ ọdún 41.

Mary, ìyàwó rẹ̀, kò jẹ́ kí ohùn ọkọ rẹ̀ bá a wọlẹ̀. Orin tí Reeves ti kọ sílẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀. Ní 1966, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, “Distant Drums” gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba. Òkú ló ń kọrin, alààyè ló ń jó.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń sọ pé orin òyìnbó ni, pé orin àwọn arúgbó ni. A ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ńbẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tó jẹ́ kí ọmọ opó ará Texas máa bá wa sọ̀rọ̀ títí dòní ni pé wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwa ńkọ́, àwa ọmọ Kétu tí a ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni? Mélòó nínú ohùn àwọn akọrin ẹ̀fẹ̀ tó ti lọ ni ọmọ wọn lè gbọ́ lónìí? Tẹlifóònù tó ń gba ohùn wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa báyìí. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó mọ orin, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì ń bẹ.