James Watt, ẹni tí kò fẹ́ kí iná ṣòfò

Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1736 ni a bí James Watt ní ìlú Greenock, ní ilẹ̀ Scotland. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kọ́: ó ń ṣe irinṣẹ́ ìwọ̀n, ó sì ń tún wọn ṣe. Ní ọdún 1757, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú Glasgow gbà á láàyè láti ṣí ìsọ̀ sínú ọgbà wọn.

Nígbà náà, àwọn awakùsà ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń fa omi jáde nínú kòtò. Newcomen ni ó ṣe é. Ooru omi híhó ni ó ń mú un ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ èédú púpọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àwòṣe ẹ̀rọ náà fún Watt kí ó tún un ṣe, ó rí ohun tó fà á. Inú àgbá kan ṣoṣo ni ooru ń wọ̀, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń da omi tútù sí. Bí àgbá bá ti tutù, a ní láti tún un mú gbóná. Ibẹ̀ ni èédú ń ṣòfò sí.

Ní ọdún 1765, ó rí ojútùú: kí ooru máa lọ tutù nínú àgbá kejì, kí èkíní máa gbóná nígbà gbogbo.

Ọgbọ́n dé, owó kò dé. Roebuck tí ó kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́ wọ gbèsè. Watt ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tí ń gbẹ́ ipadò, kí ó lè bọ́ ìdílé rẹ̀. Ní ọdún 1773, ìyàwó rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni Matthew Boulton, oníṣòwò Birmingham, dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1776, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìdá kan nínú mẹ́ta owó èédú tí oníbàárà kò ná mọ́ ni wọ́n ń gbà. Ní Cornwall, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èédú wá, inú àwọn onílé-ìwakùsà kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, sísan owó náà nira fún wọn, ọ̀rọ̀ sì di ẹjọ́.

Watt kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1819, ní ẹni ọdún 83. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń ka agbára iná: 1000 watt ni kilowatt kan.

Ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì mọ ẹ̀kọ́ yìí. Bí ààrò bá ti gbóná, ẹ jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà tẹ̀ lé ara wọn wọ inú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kí ó tutù yóò ra igi lẹ́ẹ̀mejì.