John Allen àti rélùwéè abẹ́ ilé rẹ̀

Ìlú Joplin, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí John Allen ní ọdún 1913. Iṣẹ́ fọ́tò ló kọ́, òun ló sì fi ń jẹun. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó kó lọ sí Monterey ní California. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ rélùwéè kékeré kan tí ó pè ní Gorre & Daphetid. Ẹ ka orúkọ náà sókè. Lójú, ó dà bí orúkọ ìlú méjì; létí, “gory and defeated” ni, ìyẹn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bò, tí wọ́n sì ti ṣẹ́gun. Aláwàdà ni ọkùnrin náà. Dinosaur kan wà lórí rélùwéè yìí, Emma lorúkọ rẹ̀, tó ń fa ọkọ̀ ẹrù dípò ẹ́ńjìnnì!

Ìwọ̀n HO ló lò: ohun tó gùn ní mítà 87 lójú ayé yóò gùn ní mítà 1 péré níbẹ̀.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú nǹkan yìí fẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa dán bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Allen kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń jó èédú máa ń dọ̀tí. Irin a máa dógùn-ún. Òjò àti oòrùn a máa ṣí ọ̀dà ara pákó. Gbogbo èyí ló ń fi ọ̀dà ṣe sára ọkọ̀ àti ilé kéékèèké rẹ̀, títí wọn yóò fi dà bí ohun tí wọ́n ti lò fún ọdún pípẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ fọ́tò ló là á lójú, nítorí kámẹ́rà kì í bo àṣírí ohun ìṣeré.

Ó tún mọ bí a ṣe ń tan ojú jẹ. Ó mú àwọn òkè rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, kí ọkọ̀ lè kéré níwájú wọn bó ṣe ń kéré níwájú òkè gidi. Ó fi dígí sí àwọn ibì kan kí àyè lè dà bí ẹni pé ó gùn síwájú. Kò rọrùn o: ẹni tó bá fẹ́ lo dígí báyìí gbọ́dọ̀ fi ilé tàbí afárá bo etí rẹ̀, kí ó sì rántí pé lẹ́tà a máa dojú kọ ẹ̀yìn nínú dígí.

Rélùwéè rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju tábìlì kan lọ. Kò tú u ká. Inú èyí tó tóbi, lábẹ́ ilé rẹ̀, ló so ó mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa wá síbẹ̀ láti wa ọkọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwé ìròyìn Model Railroader ń gbé fọ́tò àti àlàyé rẹ̀ jáde, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò dé Monterey rí ti kọ́ iṣẹ́ náà.

Ní January 1973, àìsàn ọkàn pa á lójijì, ẹni ọdún 59. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iná sọ nínú yàrá abẹ́ ilé náà, ó sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú rélùwéè náà. Ìwé tí Linn Westcott kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1981. Fọ́tò tí Allen fúnra rẹ̀ yà ló kún inú rẹ̀, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ṣì ń ṣí i wò.