Akínọlá Àgùdà: Adájọ́ Tó Fi Ìṣirò Yan Olú-Ìlú

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Life Camp ní Àbújá mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ Julius Berger tó ń kọ́ olú-ìlú ni a pàgọ́ fún níbẹ̀, tí orúkọ náà fi mọ́ àdúgbò lára. Àwọn tó mọ bí a ti ṣe yan ilẹ̀ Àbújá fúnra rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ kan ló ṣáájú iṣẹ́ náà, olóògbé Adájọ́ Timothy Akínọlá Àgùdà.

Ní 1923 ni a bí i. Ó kàwé òfin, ó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ó sì ṣe Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Botswana láti 1972 di 1975. Ìwé tó kọ lórí òfin ẹ̀rí kò ṣàjèjì sí àwọn agbẹjọ́rò wa.

Ní oṣù kẹjọ 1975, Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kalẹ̀, ó sì fi Àgùdà ṣe alága. Tai Ṣólàrín àti Ọ̀mọ̀wé Ajato Gandonu wà lára wọn. Èkó ti kún àkúnya. Òun ni olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, òun náà ni ti ìpínlẹ̀. Ṣé kí ó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibo ló kàn? Ogun abẹ́lé kò tíì parí ju ọdún márùn-ún lọ, kálukú sì ń fẹ́ kí olú-ìlú bọ́ sí ìtòsí òun.

Ìgbìmọ̀ náà kò fi ariwo dájọ́. Wọ́n pín máàkì 100 sí ọ̀nà 13. Wíwà láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè gba 22, ìlera àti ojú ọjọ́ gba 12, ilẹ̀ tó tó lò gba 10, omi gba 10. Rírọrùn láti dé láti ibi gbogbo gba 7. Ààbò, ohun èlò ìkọ́lé àti àìpọ̀ èrò gba 6 níkọ̀ọ̀kan. Agbára iná mànàmáná àti ìṣàn omi gba 5 níkọ̀ọ̀kan; irú ilẹ̀ àti ìrọ̀rùn ètò ìlú gba 4 níkọ̀ọ̀kan. Ìrẹ́pọ̀ àwọn ẹ̀yà gba 3 péré.

Wọ́n jábọ̀ ní oṣù kejìlá 1975. Ní oṣù kejì 1976 ni òfin sọ ilẹ̀ tó tó 8,000 kìlómítà níbùú lóròó di ti gbogbo Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991, ìjọba kó kúrò ní Èkó.

Síbẹ̀, ìṣirò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ibi tí èrò kò pọ̀ sí kò ṣófo. Àwọn Gbagyi, tí a ń pè ní Gwari, ní ilé, oko àti ibojì baba wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni a ṣí nípò, ọ̀ràn ilẹ̀ wọn kò sì tíì tán nílẹ̀.

Àgùdà di Adájọ́ Àgbà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976. Ó di olóògbé ní 2001. Ilé kan nínú ọgbà Ààrẹ ní Àbújá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, bí ẹ bá ń wá ilé tàbí ilé-ìwé ọmọ, ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sílẹ̀, ẹ pín máàkì fún un kí ẹ tó rí ọ̀dà ara ògiri. Ẹ sì bi ara yín pé, ta ni máàkì kékeré yẹn yóò dùn jù?