Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀: ọba tó ti ọ̀nà ìbọn pa, tó sì kú sí Ẹ̀pẹ́

Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ lónìí, ẹ lè kọjá Èjìnrìn kẹ́ ẹ má mọ̀ pé ọjà ńlá lẹ kọjá yẹn. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ti ń já iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù sílẹ̀. Àwọn alárùú á wá gbé e wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú ò sì gbà kí àlejò kọjá. Ará Ìbàdàn tó bá fẹ́ ìbọn, tó bá ti jẹ́ pé ọ̀nà yìí ló gbà, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni yóò ti rà á.

Ẹni tó ni àṣẹ lórí ọ̀nà yìí ni Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Fìdípọ̀tẹ̀, tó gorí oyè ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850. Ìdílé rẹ̀ ṣì wà lára ìdílé ọba mẹ́rin Ìjẹ̀bú-Òde títí dòní.

Ìbàdàn ń lágbára sí i nígbà yẹn, ara ò sì rọ àwọn aládùúgbò. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà rán èèyàn gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà, ogun bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà tiwọn, Fìdípọ̀tẹ̀ náà ti ti Ìjẹ̀bú: kò gbọdọ̀ sí ìbọn fún Ìbàdàn mọ́.

Ẹ má dá ọba lẹ́bi kíá. Ìbọn téèyàn tà fún Ìbàdàn lónìí, ta ló mọ ẹni tí wọ́n máa na án sí lọ́la?

Ṣùgbọ́n títì ọ̀nà ò pa ìbọn run. Ní 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí Ìbàdàn, ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí. Ọ̀nà Oǹdó ló gbà, kò kan Èjìnrìn. Ìbàdàn wá nílò ìbọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníbàárà wà, ọjà wà, àṣẹ ọba ló dúró láàárín. Oníṣòwò àti alárùú Ìjẹ̀bú ló ń jẹ àdánù.

Ọ̀rọ̀ náà sú wọn. Àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú fúnra wọn ló kọ̀yìn sí ọba, tí wọ́n fẹ́ kí òwò padà. Ní 1883, Fìdípọ̀tẹ̀ fi ààfin sílẹ̀, ó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí kò jìnnà sí Èjìnrìn. Kò padà sórí ìtẹ́ mọ́. Ẹ̀pẹ́ ló kú sí.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, tí àwọn olóṣèlú bá ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fún òfin ìbọn le, ńṣe làwọn èèyàn máa ń sáré lọ rà á. Fìdípọ̀tẹ̀ ti rí irú ẹ̀ rí: òfin lè ti ilẹ̀kùn ọjà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù bá ṣì ń ba aráàlú, wọ́n á wá ọ̀nà míì.