Thomas Birch Freeman, Ológbà tí ó di Oníwàásù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Thomas Birch Freeman gẹ́gẹ́ bí oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí ó kọ́kọ́ mú ìhìn rere wá sí Àgbádárìgì. Díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé ológbà ni kí ó tó di oníwàásù.

A bí i ní Twyford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1809. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olórí àwọn ológbà ní Orwell Park, ilé ńlá ọlọ́lá kan lẹ́bàá Ipswich. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú òdòdó, kí ó sì lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì nípa ewé, ìtànná àti irúgbìn. Ó mọ orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi èdè Látìnì sọ wọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di Mẹ́tọ́díìsì, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi ọgbà sílẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1838, ó gúnlẹ̀ sí Cape Coast, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Oṣù méjì kò pé tí ikú fi mú aya rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò padà sẹ́yìn. Ó dé Kùmásì ní 1839. Ó dé Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Níbi gbogbo tí ó dé, ojú ológbà ni ó fi ń wo igbó. Ó ń kọ̀wé nípa ewéko ilẹ̀ wa sí ọgbà ńlá ti ọba ní Kew, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́bàá Cape Coast, ó dá oko kan sílẹ̀ tí ó pè ní Beulah, kí àwọn ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ mọ́ ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwọ̀n omi tí ó tó òdòdó kò mọ ìwọ̀n owó tí ó tó iṣẹ́. Ìnáwó rẹ̀ kọjá agbára, ó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1857. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Accra, ó sì tún padà sí ìdí ọ̀gbìn. Ní 1873 ó tún gba iṣẹ́ ìwàásù, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí agbára rẹ̀ fi tán. Ó kú ní Accra ní oṣù kẹjọ 1890.

Ní 1887, nígbà tí ó ṣì wà láàyè, ìjọba Èkó dá ọgbà ìdánwò ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Kew kan náà. Ǹjẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń rojú láti mú ọkọ́ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rántí Freeman: iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ ṣe dáradára kì í ṣòfò lọ́wọ́ ẹni tí a pè sí iṣẹ́ mìíràn.