Filippo Brunelleschi: Ọ̀gá Mọlémọlé Tó Fi Bíríkì Ṣàlàyé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí bá ìgbésí ayé ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ mu gan-an. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ló wà tí orí wọn pé, tí ọwọ́ wọn sì dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nítorí pé wọn kò lè ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn wọn fún ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà jáde.

Ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti bí Filippo Brunelleschi ní ọdún 1377. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ni ó kọ́. Ní ọdún 1401, ó wà lára àwọn tó díje láti ṣe ilẹ̀kùn idẹ fún ilé ìrìbọmi ìlú náà, ṣùgbọ́n Lorenzo Ghiberti ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Lẹ́yìn èyí, ó kọrí sí Róòmù, ó sì ń yẹ àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ wò fínnífínní láti mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

Láti ọdún 1296 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kàtídírà ńlá kan ní Florence. Wọ́n mọ ògiri rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n òkè àárín rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, ó fẹ̀ ju mítà 40 lọ. Òrùlé tó dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi bò ó. Àṣà ìgbà náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi pákó ṣe àgbékalẹ̀ tí yóò gbé bíríkì dúró títí yóò fi gbẹ. Níbo ni wọn yóò ti rí igi tó tó èyí?

Ní ọdún 1418, wọ́n kéde ìdíje. Brunelleschi ní òun yóò kọ́ ọ láìlo àgbékalẹ̀ náà. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé àwọn alábòójútó rò pé orí rẹ̀ dàrú, tí wọ́n fi gbé e jù síta nípàdé. Òun náà kò ṣàìlẹ́bi níbẹ̀. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí ọgbọ́n rẹ̀, nítorí náà àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Òótọ́ ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n kò lè di odidi nínú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà rárá.

Kí ni ó wá ṣe? Ó fi bíríkì mọ irú òrùlé náà ní kékeré, láìlo àgbékalẹ̀ pákó. Donatello àti Nanni di Banco bá a lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí ojú rí i, iyèméjì dínkù. Ní ọdún 1420, wọ́n yàn án pẹ̀lú Ghiberti láti máa darí iṣẹ́ náà.

Bí ó ṣe bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ kọ́ ni ó ṣe bá àwọn mọlémọlé sọ̀rọ̀. Ìtàn sọ pé ó máa ń fi amọ̀, ìda àti igi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Nígbà mìíràn, gbòǹgbò ewébẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ni ó máa ń fi ọ̀bẹ gbẹ́, kí bí òkúta yóò ṣe rí lè yé wọn.

Wọ́n parí òrùlé náà ní ọdún 1436. Nígbà tó kan ilé òkúta kékeré tí yóò jókòó sórí rẹ̀, wọ́n tún dá ìdíje sílẹ̀. Brunelleschi kò gbẹ́kẹ̀ lé òkìkí rẹ̀. Ó tún ṣe àpẹẹrẹ wá, ó sì gbégbá orókè. Ó kú ní ọdún 1446, nígbà tí iṣẹ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sin ín sínú kàtídírà náà. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò dúró. Àpẹẹrẹ tó fi sílẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi parí rẹ̀ ní ọdún 1461.

Ẹ̀yin ayàwòrán ilé, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ o. Bí oníbàárà kò bá gbà, ẹ má ṣe yára pè é ní òpè. Ẹ wò ó bóyá àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹ sọ fún un. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀ ṣàlàyé fún un. Ojú lọ̀rọ̀ wà.